Ogún Ọdún Pẹ̀lú Fọ́ọ̀mù APER, Ọjọ́ Mẹ́ta Pẹ̀lú Ìdánwò

Akọ̀wé ọ̀gá ni mí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ má bi mí léèrè èwo, mo ṣì fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì mi. Ọdún 2003 ni mo wọlé, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Olympia ṣì wà lórí tábìlì mi, tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní fákọ́tì wa sì wà nínú yàrá Díìnì, tí wọ́n fi aṣọ bò ó lórí bí ìyàwó tuntun. Díìnì mẹ́fà ni mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn látìgbà náà, kò sì sí ọdún tí mi ò kún fọ́ọ̀mù APER. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n tún gbé nǹkan mìíràn dé: ìdánwò ọjọ́ mẹ́ta, láti mọ ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká ti orí APER bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn ọdọọdún lórí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni, òun ni ìgbìmọ̀ ìgbéga sì máa ń wò kí wọ́n tó sún èèyàn láti ipele CONTISS kan, ìyẹn ipele owó oṣù wa, bọ́ sí òmíràn. Ìwọ lo máa kún apá kìíní: ọjọ́ tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́, ohun tí o ṣe lọ́dún náà, ẹ̀kọ́ tí o lọ kọ́, iye ọjọ́ tí o fi ṣàìsàn. Ọ̀gá rẹ ló máa kún apá kejì. Á fún ọ ní lẹ́tà láti A dé F lórí bí o ṣe ń tètè dé, bí o ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lò, bí o ṣe mọ ìṣirò sí, bóyá o máa ń rí ọ̀rọ̀ lókèèrè kó tó dé, bóyá iṣẹ́ lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn kí o má sì dà á nù. Ibì kan wà tí wọ́n kọ “Penetration” sí. Ogún ọdún ó lé nìyí, mi ò tíì pàdé Díìnì tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kó má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni fọ́ọ̀mù yìí ti wá bá wa. Àwọn tó ni ín l’Ábùjá ti ń fi ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní PMS rọ́pò rẹ̀, àwa tá a yá a lọ́wọ́ wọn ò tíì gbọ́ pé ọjà ti tú.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kún un lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá á ní, “Màmá, ẹ bá mi fi pẹ́ńsùlù kún ibi tèmi náà ná, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín jù.” Ojú á tì ọ́ láti fún ara rẹ ní A láti òkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ C fún ara rẹ̀? B, B, A, B, A, B. Ọ̀gá á fi bírò tẹ̀ lé pẹ́ńsùlù, á tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tán.

Díìnì kan ṣoṣo ló tíì fúnra rẹ̀ kún tèmi. C mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Mo ronú títí, iṣẹ́ wo ni mi ò ṣe? Akọ̀wé kan ní òdìkejì ló là mí lójú: nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mi ò ra aṣọ òkú ìyá ọ̀gá. Owó ilé-ìwé ọmọ méjì wà lọ́rùn mi lóṣù yẹn. Mi ò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ o, mi ò sì ní búra. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: báwo lèèyàn ṣe máa mọ lẹ́tà kọ ní 2011, tí kò wá ní mọ̀ ọ́n kọ mọ́ ní 2012?

Ti 2022 ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, wọn ò sì padà àfi ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Àwa SSANU àti NASU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́, náà ti ilẹ̀kùn tiwa fún oṣù bíi mélòó kan láàárín rẹ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, ó ṣì ń béèrè iye iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́dún náà, mo sì gba A. Iṣẹ́ wo? Àbí yíyọ jàǹkáríwọ̀ lára fáìlì?

Ohun kan tó dára nínú rẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn ọ́ kí o tọwọ́ bọ̀ ọ́, àyè sì wà láti kọ ọ́ pé o ò fara mọ́ ọn. Mo lò ó lọ́dún aṣọ òkú yẹn. Nítorí àyè yẹn nìkan ni mo ṣe fún APER ní 2 nínú 5.

Ó wá ku ìdánwò. Ọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ló wá ṣe é láti Èkó. Àwa mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n kó sínú gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà, àgbà àti ọmọdé, ẹni tó ní dígírì àti ẹni tó ní ìwé mẹ́wàá, gbogbo wa lórí ìlà kan náà. Èyí nìkan ti bí àwọn kan nínú. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn wíńdò.

Iṣẹ́ kìíní ni ká gbọ́ ìpàdé kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ká sì kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Èmi tí mo ti ń kọ shorthand Pitman kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ wa! Mo parí kí àkókò tó pé, mo wá ń wo ojú àwọn tó kù. Iṣẹ́ kejì: lẹ́tà kan àti orúkọ 200 akẹ́kọ̀ọ́ nínú Excel, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà mátíríìkì àti ẹ̀ka tirẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú. Mo wo aago, mo wo orúkọ. Bí mo ṣe ń ṣe lẹ́tà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láti ọdún tó ti pẹ́ ni pé màá pa orúkọ kan rẹ́, màá tẹ òmíràn, màá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá tún pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, ẹ̀yìn á sì máa ro mí. Nígbà tí wọ́n ní ká gbọ́wọ́ sókè, mo ti ṣe mọ́kànlá.

Mẹ́séńjà wa ló jókòó tì mí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi ṣe gbogbo igba, ó wá káwọ́ lérí ẹsẹ̀. Mo bi í níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà níwájú géètì ni, ibẹ̀ lòun ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, pùrójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lòun ń bá wọn tò.

Ẹ dúró ná. Ta ló ń kún fọ́ọ̀mù APER ọmọ yìí? Èmi ni! Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbé fáìlì fún wa, C ni mo sì máa ń fún un níbi ìmọ̀ iṣẹ́. Kí nìdí? Ó máa ń pẹ́ dé. Àyè ọ̀tọ̀ wà fún pípẹ́ dé, mo sì ti fún un ní D níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi nítorí pípẹ́ dé kò dúró sí àyè tirẹ̀, ó ń ṣàn kan gbogbo ojú ìwé. Ara mi tutù nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mo rántí Díìnì tó ni aṣọ òkú.

Ìdánwò náà ní àbùkù tirẹ̀ o. Iná lọ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó yí jẹnẹrétọ̀, ìṣẹ́jú méjìlá wọlẹ̀, wọn ò dá a padà fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà “e” lórí kọ̀ǹpútà tèmi kì í lọ àfi tí mo bá gbá a. Wọn ò pe dírẹ́bà, wọn ò pe agbálẹ̀, wọn ò pe àwọn tó ń ṣọ́ géètì, bí ẹni pé ti àwọn kì í ṣe iṣẹ́. Oúnjẹ ọjọ́ kejì dé ní aago mẹ́rin. Kí n má sọ ti ẹran inú rẹ̀.

Ó sì níbi tí ojú rẹ̀ ò dé. Kò sí ìbéèrè tó lè fi hàn pé èmi ni mo mọ ibi tí fáìlì 2009 sùn sí, tàbí pé bàbá kan bínú wá lọ́jọ́ kan torí èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀, tí mo fún un lómi tútù àti àga, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Díìnì máa fi dé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èsì ṣe dé: nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, ojú ìwé méjì, kò sí A, kò sí F. Wọ́n to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ síwájú rẹ̀ bóyá o lè dá a ṣe, bóyá o lè ṣe é tẹ́nì kan bá dúró tì ọ́, tàbí o ò tíì lè ṣe é. Níwájú lẹ́tà 200 yẹn, wọ́n kọ ọ́ fún mi pé mi ò tíì lè ṣe é. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Mọ́kànlá ni mo ṣe. 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ì bá jẹ́ 5, àmọ́ nígbà tí mo mú èsì náà lọ sí Establishment, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pé kí wọ́n fi sínú fáìlì mi, wọ́n ní kò sí àyè fún un nínú APER.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn aago mẹ́rin, mẹ́séńjà wa fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. “Ẹ má bínú mà, ẹ tẹ ibí yìí. Rárá mà, ẹ̀ẹ̀kan péré.” Lẹ́tà 412 ló jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìwé ló tán lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fi rọ́bà pa C tó wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ rẹ́, mo kọ A, mo fi D pípẹ́ dé sílẹ̀ níbi tó wà, torí aago mẹ́sàn-án kọjá kó tó wọlé lọ́jọ́ yẹn náà.

Ẹnì kan pè mí láti Establishment lánàá. Ó ní kí ló dé tí C ọdún mẹ́fà ṣe di A lójijì, ṣé ọmọ náà fún mi ní nǹkan ni?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà 412.