Omi ìfọ fàdákà, Renaissance Wax àti òjé: èwo ló yẹ kó kan mẹ́dáàlì ogun?

Ibi tí owó wà la ó ti bẹ̀rẹ̀. Fàdákà tó wà lára British War Medal ti ogun 1914 sí 1918 kọ́ ló ń gbówó lé e, etí rẹ̀ ni. Etí yẹn ni wọ́n lu nọ́ńbà, ipò, orúkọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹni tó gbà á sí. Ohunkóhun tó bá ha lẹ́tà wọ̀nyẹn, owó ló ń ha dànù. Ojú yìí la fi wo gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún àtúnṣe mẹ́dáàlì.

Omi ìfọ fàdákà yára, kò ṣeé jiyàn. Kí o tó ka ení dé ẹ̀wá, dúdú ti ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tó bà lé e lásán: fàdákà mẹ́dáàlì gan-an ló bá imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ pàdé tó sì dúdú, nítorí náà bí o bá ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ara mẹ́dáàlì ń lọ. Kẹ́míkà thiourea àti ásíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú fàdákà á funfun bí ẹfun, kò ní dán. Dúdú tó wà ní kọ̀rọ̀ ara ẹṣin àti ẹni tó gùn ún lẹ́yìn mẹ́dáàlì, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà náà yọ, ti bá omi lọ. Èyí tó burú jù ni omi tó sá sí abẹ́ èékánná, irin kékeré tó di ìkọ́ mẹ́dáàlì mú. O ti nu ojú gbẹ, òun ṣì ń jẹun níbẹ̀. Máàkì kan nínú márùn-ún, kan náà nítorí pé kò ha irin bíi ti ìpara ìdán idẹ, tó máa ń fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba títí á fi tẹ́jú.

Renaissance Wax, ìda tí wọ́n ń fi pa irin, ń kọ́? Ilé iṣẹ́ ìwádìí British Museum ló ti jáde wá. Kì í fọ nǹkan, má rà á torí ìyẹn; ààbò ló ń ṣe. Yọ ríbọ́ọ̀nù kúrò, fi acetone díẹ̀ lórí òwú nu ọ̀rá ọwọ́ ènìyàn kúrò (má ṣe é lórí ohun tó ní ọ̀dà). Èyí tó tó orí ìṣáná ti tó fún ojú méjèèjì. Fi aṣọ rírọ̀ pa á, kí o sì nù ún kí ó tó gbẹ gan-an. Bí ó bá pọ̀ jù, á gbẹ sínú lẹ́tà etí bí ìyẹ̀fun funfun. White spirit lórí òwú ló ń yọ ọ́. Má fi bo idẹ tó ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé sára, torí ọ̀rinrin lo tì mọ́lé yẹn. Máàkì mẹ́rin.

Ti àwọn tó ń tún mẹ́dáàlì ṣe le jù. Èékánná tó já tí wọ́n sì jó padà, ìwé gbàǹjo á kọ ọ́ sílẹ̀, iye rẹ̀ á sì rẹlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ á ṣì tà. Béèrè ohun tí wọ́n máa fi jó o kí o tó gbé e sílẹ̀. Òjé ìjópọ̀ máa ń yọ́ kí iná tó dé 200 °C, ṣùgbọ́n ó ń fi àbàwọ́n eérú sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá tún fi iná fàdákà tó ju 600 °C lọ jó ojú kan náà láìha òjé àtijọ́ kúrò, òjé á jẹ fàdákà lu ihò.

Ta ló ń fá etí pa orúkọ rẹ́, kí ó tó lu tuntun sí i? Irú èyí ò ní ìwòsàn. Wọ̀n ọ́n pẹ̀lú kálípà: British War Medal yẹ kó fẹ̀ tó 36 mm láti etí kan dé ìkejì, ibi yòówù kí o ti wọ̀n ọ́n. Níbi tó bá ti kéré sí èyí, wọ́n ti fi fáìlì kan ibẹ̀.

Gbogbo ọgbẹ́ kọ́ ló yẹ kí a wò sàn o. Wo Egypt Medal ti 1882: ojú Ọbabìnrin Victoria lára rẹ̀ sábà máa ń ní ihò kéékèèké, torí ẹnu ìràwọ̀ Khedive's Star, mẹ́dáàlì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láyà ń gún un bí ológun ṣe ń rìn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rà kì í bínú sí ihò yẹn, ẹ̀rí pé wọ́n wọ méjèèjì pọ̀ ni. Ẹni tó bá ní òun á dí i fún ọ, gba mẹ́dáàlì rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Enamel funfun (gíláàsì tí wọ́n yọ́ mọ́ irin) ara Distinguished Service Order, àmì ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ológun, tó ṣẹ́: iná bíi 800 °C ni ojúlówó enamel ń fẹ́, irú iná bẹ́ẹ̀ sì lè ba wúrà tí wọ́n fi bò ó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi oje tútù (resin) dí i. Tan iná UV sí i nínú òkùnkùn. Oje náà sábà máa ń tàn yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ti sọ ọ́ fún ọ tẹ́lẹ̀, owó tó kọ sára rẹ̀ kì í ṣe owó mẹ́dáàlì yẹn.