Messiah mẹ́ta tí mo gbọ́, àti èyí tí mo fi ń kọ́ akọrin wa ní Kabba

Okun o, ẹ̀yin tí ẹ ń darí akọrin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìmúra Kérésì báyìí.

Apá kìíní Messiah, orin ìsìn gígùn tí Handel kọ fún akọrin, adákọ àti ohun-èlò, ni à ń múra sílẹ̀ lọ́dún yìí, pẹ̀lú "Hallelujah" tí ìjọ kò ní gbà ká fi sílẹ̀. Nínú akọrin wa, ẹni tó lè ka nótì kò pé márùn-ún. Sól-fà ni àwọn tó kù ń kà, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé etí nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ orin. Ìdí rèé tí mo fi wá àwo tí wọ́n lè máa gbọ́ nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Mo gbọ́ mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí earpiece lálẹ́ àti lórí sípíkà ìjọ ní ọjọ́ Sátidé, orúkọ ẹni tó darí orin ni mo fi ń pè wọ́n: ti Thomas Beecham (1959), ti Colin Davis (1966) àti ti Christopher Hogwood (1980).

Kí n tó gbọ́ wọn, mo ti ka ohun tí àwọn alámọ̀já kọ nípa wọn. Ó pẹ́ tí irú iṣẹ́ yẹn ti wà. 1923 ni Compton Mackenzie ti dá ìwé ìròyìn Gramophone sílẹ̀ ní London, àgbéyẹ̀wò àwo orin ló sì wà fún. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, etí wọn mú. Àmọ́ ẹni tó jókòó sórí àga, tó fẹ́ gbádùn orin, ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Ohun tí mò ń wá yàtọ̀. Mo fẹ́ àwo tí tẹ́nọ̀ tó ti roko láti àárọ̀ lè gbọ́ kó sì rí ohùn tirẹ̀ mú nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti Beecham. Eugene Goossens ló tún àwọn ohun-èlò tò fún un, ó sì kó ohun tí Handel kò kọ síbẹ̀ wọlé: símbà, háàpù, trombone, túbà. Bí símbà ṣe ń dún nínú "Hallelujah", inú ẹni á dùn bíi pé ìlú ń jọ́ba. Àwọn alámọ̀já kan kò lè fara dà á, wọ́n ní kì í ṣe Handel mọ́. Àwọn mìíràn fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní nítorí ọlá tó wà nínú rẹ̀ àti ohùn Jon Vickers, tẹ́nọ̀ tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ gidigidi. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí áltò fi kọ́ orin, kò sí ibi tó máa ti gbọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ohùn àárín ti rì sábẹ́ ariwo.

Ti Hogwood ni mo rò pé màá mú. Láti 1750 ni Handel ti ń fi Messiah kówó jọ lọ́dọọdún fún Foundling Hospital ní London, ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ tí òbí wọn kò lè tọ́. Àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n san fún àwọn tó kópa ní 1754 ṣì wà, òun sì ni Hogwood tẹ̀ lé. Àwọn ọmọkùnrin Christ Church Cathedral, Oxford, ló ń kọ ohùn òkè. Okùn tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe ló wà lára fayolíìnì wọn. Ọ̀pọ̀ alámọ̀já yìn ín pé ó nu eruku kúrò lára iṣẹ́ náà. Àwọn kan ní ó tutù jù. Kò tutù létí tèmi. Ohùn Emma Kirkby, sopranò tó ń dákọ níbẹ̀, mọ́ gaara, kì í gbọ̀n, kò sì fi agídí wá ibi gíga. Mo ní kí gbogbo sopranò wa lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó tún lanu kọrin.

Ìṣòro dé ní Sátidé àkọ́kọ́. Nótì tí wọ́n ń pè ní A lórí kíbọ́ọ̀dù wa ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi ti kíbọ́ọ̀dù òde òní. 415 ni ti Hogwood, nítorí wọ́n yí ohùn wálẹ̀ bí wọ́n ṣe gbà pé ó rí láyé Handel. Ìyẹn fi nǹkan bí ìdajì ohùn lọ sílẹ̀. Mo tan "Hallelujah" lórí sípíkà, mo sì tẹ kíbọ́ọ̀dù lé e ní D, bó ti wà nínú ìwé. Ìró méjèèjì kọ lu ara wọn bí àwo tó fọ́. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá kan láàárín àwọn sopranò bi mí pé, "Ọ̀gá, èwo ni ká tẹ̀ lé níbẹ̀?"

Mo tẹ transpose, bọ́tìnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sílẹ̀, sí -1, ohùn sì bára mu. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kọ́ orin náà báyìí, ara wọn sì mọ́ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ tí mo dá kíbọ́ọ̀dù padà sí bó ṣe yẹ, a dé "King of Kings", níbi tí sopranò ti ń gun àkàsọ̀ láti do sí re, sí mi, sí fa, ọ̀nà ọ̀fun wọn kò sì gbé fa mọ́. Ó dùn mí, nítorí kò sí ẹ̀bi tiwọn níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kíbọ́ọ̀dù tí ẹ sì fẹ́ lo àwo Hogwood, ẹ gbádùn rẹ̀ nílé. Ẹ má gbé e wá síbi ìfidánrawò.

Báyìí ni mo ṣe padà sọ́dọ̀ Colin Davis. London Symphony Orchestra àti akọrin wọn ni, pẹ̀lú àwọn adákọ Heather Harper, Helen Watts, John Wakefield àti John Shirley-Quirk. Ohun-èlò òde òní ni wọ́n lò, nítorí náà ó bá kíbọ́ọ̀dù wa mu. Nígbà tó jáde, inú àwọn alámọ̀já dùn pé ẹnì kan ti gbé ẹrù wúwo kúrò lórí Messiah, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi akọrin rẹpẹtẹ wọ́ ọ nílẹ̀ ní England. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Orin náà ń sáré níbi tó yẹ kó sáré. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá yàtọ̀ síra. Báàsì wọlé, o mọ̀ pé báàsì ni.

Ẹ gbọ́ "For unto us a child is born" níbẹ̀. Orin ẹlẹ́nu méjì lédè Ítálì ni Handel ti kọ́kọ́ fi ohùn yẹn ṣe, ọ̀rọ̀ "No", ìyẹn "Rárá", ló sì wà lórí nótì àkọ́kọ́. Nígbà tó gbé e wá sínú Messiah, "For" ló bọ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹnu mọ́. Akọrin tí kò bá ṣọ́ra á kígbe "For" bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ti Davis fò ó kọjá jẹ́jẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lórí "child".

Ó yẹ kí àwa Yorùbá tètè mọ adùn èyí, torí ìyà rẹ̀ ti jẹ wá rí. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 di 1962, sọ ọ́ títí pé orin ìsìn tí a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn òyìnbó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Orin lọ sókè, ọ̀rọ̀ fẹ́ wálẹ̀, ọkọ̀ di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. Mo sọ ìtàn "Rárá" yẹn fún àwọn báàsì wa, wọ́n sì dẹwọ́ lórí "For" lójú ẹsẹ̀.

Àbùkù wà o. Nínú ìtàn àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ohùn adákọ parí, "Glory to God" sì yẹ kó bẹ́ jáde láì sí àlàfo kankan. Ibẹ̀ ni ipè ti kọ́kọ́ wọlé nínú gbogbo iṣẹ́ náà, Handel sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó dún bí ohun tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Áàpù tí mo fi ń gbọ́ ọ dákẹ́ díẹ̀ láàárín orin kan sí èkejì. Ìdákẹ́ yẹn pa ìyanu náà. Mo wọ ibi ètò áàpù, mo tan gapless, èyí tó ń jẹ́ kí orin tẹ̀ lé ara wọn láì dákẹ́, ó sì dára. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ kò bọ́ nínú tiwọn, torí ìpolówó ọjà lè já lu áńgẹ́lì nígbàkígbà. Mo gba wọ́n níyànjú pé kí ẹni mẹ́ta mẹ́ta dáwó fún oṣù kan, kí wọ́n gba orin náà sórí fóònù ẹnì kan níbi tí nétíwọ́ọ̀kì ti dára, kí wọ́n sì jọ máa pàdé gbọ́ ọ.

Tẹ́nọ̀ wa kan tó ń wakọ̀ Kabba sí Lọ́kọ́ja ti fi ti Davis sínú ọkọ̀ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Kò lè ka sól-fà. Sátidé tó lọ, a dé "Wonderful" nínú "For unto us", èmi gbé ọwọ́ sókè láti fún tẹ́nọ̀ ní àmì, ó sì ti wọlé kí ọwọ́ mi tó balẹ̀. Ibi tó wọlé sí tọ̀nà.