Wọ́n ní àwọn á bá wa wá trial oògùn jẹjẹrẹ l'ókè òkun: ìràwọ̀ méjì ni mo fún wọn

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kábbà ni mo wà, n kì í sábà kọ review, ẹni tó ta jẹnẹrétọ̀ tó ti kú fún mi lọ́dún tó kọjá gan-an mo gbé e f'Ọ́lọ́run ni, àmọ́ t'eléyìí ò ṣeé gbé mì rárá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Màmá Ẹ̀gbẹ́ la máa ń pè é torí ibẹ̀ ló lọ́kọ sí. Jẹjẹrẹ ìfun ló ń bá a jà láti bí ọdún méjì, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ti gba kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ), síbẹ̀ ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Dọ́kítà tó ń tọ́jú ẹ n'Ílọrin sọ fún wa pé kímò tó kù ò lè ṣe nǹkan púpọ̀ mọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nínú ẹbí tí wọ́n bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kiri. Ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ábújá ló rí àwọn èèyàn wọ̀nyí lórí Facebook, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni káwọn bá aláìsàn wá àyè sínú trial (ìyẹn kí wọ́n máa dán oògùn wò lára èèyàn) "oògùn ìgbàlódé" l'Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù. N ò ní dárúkọ wọn níbí. ₦180,000 ni wọ́n gbà, owó ìforúkọsílẹ̀ lásán nìyẹn o, owó kajú tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tà la sì fi san án.

Ọ́fíìsì wọn dáa, ká má purọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni fẹ́ sọ wá di ẹja Titus. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kúnlẹ̀ kí Màmá, ó lọ wá pílò sí i lẹ́yìn, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, Ọlọ́run á ṣe tiẹ̀. Ọ̀gá wọn ni wàhálà. Gbogbo wọn ń pè é ní Dọ́kítà, mo bi í pé dọ́kítà irú èwo, ó ní ti bísínẹ́ẹ̀sì ni. Ó wá ń ṣàlàyé pé oògùn táwọn ń sọ yìí ti ń wo jẹjẹrẹ sàn l'ókè òkun, wọn ò kàn tíì gbé e jáde fún aráyé ni. Màmá tí kò ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ló wá bi í pé, "Ọmọ mi, tó bá ti ń wò ó sàn, kí ló dé tí wọn ò tíì máa tà á?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni PDF dé sórí WhatsApp, ojú ìwé mọ́kànlá, trial márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT. Àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kàn tẹ ọ̀kan nínú nọ́ḿbà yẹn sínú Google lálẹ́ ọjọ́ kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe wá lóore, ni ClinicalTrials.gov bá ṣí, gbogbo ohun tó wà nínú PDF ló wà níbẹ̀, kò yàtọ̀ ní lẹ́tà kan, wọ́n tiẹ̀ dà á kọ débi pé "Show more" ṣì wà láàárín ọ̀rọ̀! Ibi tí wọ́n ń kọ trial sílẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ibẹ̀, National Library of Medicine wọn ló ń bójú tó o láti ọdún 2000, kò sẹ́ni tó ń sanwó, kò sẹ́ni tó ń forúkọ sílẹ̀ kó tó kà á. ₦180,000! Ìyẹn nìkan kọ́ o, nínú márùn-ún yẹn, méjì ti parí tipẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé wọn ò gba èèyàn mọ́, ọ̀kan sì jẹ́ ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé gbogbo márààrún ló jẹ́ Phase 1, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń dán oògùn wò lára èèyàn, ọ̀gá ò sì ṣàlàyé ohun tíyẹn jẹ́ fún wa. Lórí ClinicalTrials.gov, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Primary Outcome" sí, ibẹ̀ lẹ máa rí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ gan-an. Nínú tiwa, kì í ṣe bóyá oògùn á wo èèyàn sàn ni wọ́n kọ síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni ìwọ̀n oògùn tí ara lè gbà àti irú wàhálà tó lè fà. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni pé èèyàn mẹ́ta á kọ́kọ́ gba ìwọ̀n kékeré, wọ́n á máa ṣọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ara wọn bá gbà á, mẹ́ta míì á gba èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wàhálà ńlá bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan, wọ́n á fi mẹ́ta míì kún un lórí ìwọ̀n kan náà, tó bá fi di ẹni méjì, wọ́n dúró nìyẹn, wọ́n á padà sísàlẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ lò ń bù ú sí, àfi pé ara èèyàn ni ìkòkò ibẹ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n bá sì rí lókè pátápátá ọ̀hún, kì í fi gbogbo ìgbà dáa jù. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ sotorasib, nígbà tí FDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn l'Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lóṣù karùn-ún ọdún 2021, míligíráàmù 960 ni lójúmọ́, hóró mẹ́jọ nìyẹn nígbà náà, FDA yìí kan náà ló tún ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ fi wé 240, ìyẹn hóró méjì péré. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ tó ń gbé hóró mẹ́jọ mì lójoojúmọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Kì í ṣe pé Phase 1 ò ní àǹfààní kankan o, kẹ́nìkan má lọ sọ pé mo ní kò dáa. Oògùn kan tó ń jẹ́ imatinib, ọdún 1998 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára èèyàn, nígbà tó fi máa di 2001 wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó sì yí ọ̀rọ̀ irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan padà pátápátá. Àmọ́ àwọn olùṣèwádìí kan kó Phase 1 tó jẹ́ 460 jọ, láti 1991 sí 2002, èèyàn tó wà nínú ẹ̀ lé ní 11,900, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2005: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi mọ́kànlá ni kókó ara wọn súnkì, nínú igba, bí ẹnì kan ni oògùn fúnra ẹ̀ pa. Ó ti sàn díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ṣé irú ohun téèyàn máa pè ní "ó ń wò ó sàn" nìyẹn? Aláìsàn kan lè mọ gbogbo èyí kó sì ní òun fẹ́ ṣe é, bóyá nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Kí wọ́n sáà kọ́kọ́ sọ fún un.

A gbé PDF lọ fún dọ́kítà Ílọrin. Kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí ẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ Phase 1 ló jẹ́ pé ẹni tó ṣì lè rìn, tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ilé ni wọ́n ń gbà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ dáadáa, Màmá sì rèé tó ń lo ju ìdajì ọ̀sán lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ lápá ẹ̀ léraléra láàárín wákàtí mélòó kan kí wọ́n lè mọ bí oògùn ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, lẹ́yìn náà á tún máa lọ sọ́sibítù lọ́ọ̀sẹ̀lọ́ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kòtò ọ̀nà Lọ́kọ́ja máa ń dá dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta! Dọ́kítà tún ní àwọn tó ń ṣe trial tòótọ́ kì í ta àyè ibẹ̀ fún aláìsàn, àti pé tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bàbá mi tó ti ń pariwo Kánò láti ìbẹ̀rẹ̀ (1996, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tó ní àrùn yírùnyírùn níbẹ̀, ẹ̀yin àgbà rántí) ló kàn mi orí ní tiẹ̀.

Mo pe ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n dá owó padà. Wọ́n ní "owó ìwádìí" ni, kò ṣeé dá padà. Mo bi wọ́n pé ìwádìí wo, èyí tí àbúrò mi fi dátà igba náírà ṣe? Ìgbà tó yá wọ́n kàn ń ka mẹ́sééjì mi láìfèsì. Rìsíìtì wa ṣì wà lọ́wọ́ mi, n ò tíì jù ú nù.

Màmá wà nílé l'Ẹ́gbẹ́ báyìí, oògùn mọ́fíìnì olómi ló ń lò fún ìrora, ó sì ń sùn lóru, ìyẹn tí kò rí ṣe láti ìgbà tó ti pẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ó ní ká gúnyán fóun, ó jẹ òkèlè mẹ́rin, ó ní ọbẹ̀ ò níyọ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọ̀kan fún ọmọbìnrin tó wá pílò, ìkejì fún ẹ̀rọ amúlétutù.