Láti Extremadura dé Galicia: ohun tí alásè ará Àjàṣẹ́ àti ọkọ rẹ̀ rí jẹ

Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò níwájú ilé tí gbogbo ayé ti mọ̀, kó máa lọ sí Barcelona, kó lọ tò sórí ìlà. Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Ràfíù, kò débẹ̀. Madrid la ti gba mọ́tò, a kọrí sí ìwọ̀-oòrùn Spéìn, sí Extremadura tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀ Potogí, lẹ́yìn náà la gba apá àríwá lọ sí Galicia. Iṣẹ́ alásè ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nítorí náà oúnjẹ ni màá kọ́kọ́ fi dájọ́, ìran wíwò á tẹ̀lé e. Kátólíìkì ni mí, Mùsùlùmí ni ọkọ mi. Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í mutí, ẹran tí wọn ò bá pa nílànà Ìsìláàmù kì í kàn án lẹ́nu. Ilẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ni mo sì mú un lọ.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti ẹlẹ́dẹ̀ yẹn tán. Ní Extremadura, igi óákù ló kún ilẹ̀ títí ibi tí ojú lè rí i dé, ọ̀kan ń jìnnà sí èkejì, koríko wà lábẹ́ wọn. Dehesa ni wọ́n ń pe irú oko bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni èso igi náà ti ń já bọ́, tí ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ń ṣa á jẹ títí wọ́n á fi sanra. Wọ́n á fi iyọ̀ sí itan wọn, wọ́n á so ó rọ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó máa gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn débi tí mi ò lè wo ojú ọkọ mi. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè ní ẹ̀wà lẹ fẹ́, tàbí ẹ̀fọ́, kí ẹ máa rí ègé pupa kéékèèké nínú àwo. Migas tí wọ́n ń jẹ káàkiri ibẹ̀, búrẹ́dì àná ni, wọ́n á rún un, wọ́n á fi ááyù àti ata dín in, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. “Sin cerdo”, ìyẹn “láìsí ẹlẹ́dẹ̀”, ni gbólóhùn tó yọ ọkọ mi. Kò tíì fìdí jókòó tó fi ń sọ ọ́. Tenca dídín ló ń jẹ ní Cáceres, ẹja odò tó dùn ṣùgbọ́n tí egungun rẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Fún ohun mímu, ẹ bèèrè mosto: omi èso àjàrà tí kò tíì di ọtí. Wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta wáìnì.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí gan-an ni wàrà kan, Torta del Casar. Casar de Cáceres, ìlú kékeré kan nítòsí Cáceres, ló fi ń jẹ́ orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn ìyá Fúlàní lọ́nà Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe ń ṣe wàrà, ẹ mọ̀ pé bọmubọmu ni wọ́n ń fi sínú mílíìkì màlúù kó tó dì. Àwọn ará Casar náà, ewéko ni wọ́n ń lò, àmọ́ mílíìkì àgùntàn ni tiwọn. Òdòdó igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, ó láwọ̀ àlùkò, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, omi yẹn ló ń mú mílíìkì dì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wàrà òyìnbó, inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú ohun tó ń mú un dì, ìdí rèé tí Bàbá Ràfíù kì í fi í fọwọ́ kàn án. Nígbà tí obìnrin tó ń tà á gbé òdòdó gbígbẹ náà jáde nínú ìgò tó fi hàn wá, ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Ràfíù, tèmi rèé o.” Ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń gba gbèsè.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ronú pé ó jọ tiwa lẹ́nu. Tiwa le, ó ṣeé dín, ó ṣeé sè mọ́ ọbẹ̀. Torta, èèpo rẹ̀ nìkan ló le. Ó kéré tán, ọgọ́ta ọjọ́ ló ń lò lórí àtẹ kí wọ́n tó tà á, nígbà náà inú rẹ̀ ti rọ̀ tó ń ṣàn. Wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò, wọ́n á máa fi búrẹ́dì bù ú láti inú. Ó korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun, òdòdó yẹn ló fà á, ó sì ń rùn. Èyí tá a rà gbé sínú mọ́tò, gíláàsì la fi ṣí sílẹ̀ rìn títí alẹ́. Kékeré rẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá seefa lọ́wọ́ wa, mi ò sì rò pé ó wọ́n.

Lẹ́yìn wàrà, ata. Ní La Vera, lábẹ́ òkè Gredos, oṣù kẹwàá ni wọ́n ń kó ata wọlé. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àjà, wọ́n á fi igi óákù dáná nísàlẹ̀, èéfín á máa gba abẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì máa fọwọ́ yí i padà lójoojúmọ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ kò tíì rí ilé èéfín kankan tí òórùn rẹ̀ á ti pàdé yín lójú ọ̀nà. Oríṣi mẹ́ta ni pimentón yìí: dídùn, àárín, àti èyí tó ń ta. Èyí tí wọ́n ní ó ń ta yẹn, mo tọ́ ọ wò, mo dúró, mo tún tọ́ ọ wò. Kò ta ará Kétu kankan o. Dídùn ni kí ẹ rà. Mo fi ra ẹja yíyan níbi ìsìnkú kan nílé, àwọn àlejò ń bi mí irú igi tí mo fi yan án. Yuste, ilé àwọn mọ́ǹkì tí Ọba Charles Karùn-ún kú sí lọ́dún 1558 kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ yà síbẹ̀ fún òjìji igi, kì í ṣe fún ilé.

Nínú ohun tá a fojú rí, Monfragüe ló ga jù. Àpáta kan dìde lẹ́bàá odò Tajo, igún ló kún un. Ẹyẹ ńlá yẹn ń fò kọjá lókè orí wa, a ń gbọ́ ìró ìyẹ́ rẹ̀. Ìgbà wo lẹ rí igún kẹ́yìn ní Benin? Ọkọ mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní Guadalupe, ọ̀nà rẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ gba inú òkè, ojú mi kan ère Màríà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń bẹ̀ wò láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, mo tan àbẹ́là níbẹ̀. Mérida dára: afárá àwọn ará Róòmù lórí Guadiana, ọgọ́ta ihò tó tẹ̀ bí òṣùmàrè ló wà lábẹ́ rẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn ín. Trujillo, ẹ mu kọfí kí ẹ máa lọ.

Zamora, ìlú kan lójú ọ̀nà wa sí Galicia, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ìrẹsì tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀, etí àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọkọ mi fi ẹyin àti ànàmọ́ òyìnbó jẹun alẹ́ pẹ̀lú ìbínú.

Galicia ló tù ú lára. Pulpo, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n ń ki í bọ omi híhó lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jẹ́ kó sè, kí awọ rẹ̀ má baà bó. Obìnrin ló sábà ń wà nídìí ìkòkò bàbà náà. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e sórí àwo igi, wọ́n á da òróró ólífì, iyọ̀ oníhóró àti pimentón sí i. “Ohun tó bá ti inú omi wá, ó tọ́,” Bàbá Ràfíù wí, ó sì béèrè àwo kejì. O Carballiño ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Kò sún mọ́ òkun, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n sè jù ti wá. Lọ́jọ́ kejì la wo àfonífojì odò Sil láti Parada de Sil: ọgbà àjàrà tò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bí àtẹ̀gùn, tí mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dúró kórè níbẹ̀. Ní Lugo, ẹ gun orí odi àwọn ará Róòmù, ó lé ní kìlómítà méjì, ẹ rìn ín yípo lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn rẹ̀ délẹ̀.

Àléébù wà. Ilé iṣẹ́ tó yá wa ní mọ́tò kọ káàdì báǹkì wa nítorí pé kì í ṣe ti ìrajà àwìn, wọ́n sì fi ìyẹn tì wá sí ìṣedúró tó wọ́n gógó. Ẹ bi wọ́n ní kedere lórí káàdì kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò sì lè yẹra fún mọ́tò yíyá, torí ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì ò dé àwọn ibì kan nínú èyí tí mo dárúkọ yìí. Oúnjẹ ọ̀sán, aago méjì. Alẹ́, aago mẹ́sàn-án. Ẹni tí ebi bá pa ní aago méje, kó jẹ búrẹ́dì.

Owó rẹ̀ kò burú. Ẹ wá patákó tí wọ́n kọ menú del día sí lọ́sàn-án: àwo méjì, búrẹ́dì, ohun mímu, àti ìpanu ìparí. Yúrò 13 la sábà san, ìyẹn nǹkan bíi seefa 8,500, ó sì ń yó èèyàn débi pé a kì í jẹ alẹ́ mọ́. Ẹ má lọ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ooru Extremadura ń kọjá ogójì lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá jẹ́ èmi, Extremadura ni màá padà sí. Galicia ni ọkọ mi mú. Wàrà náà, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, kò ní fara da ọkọ̀ òfuurufú. Ata ni kí ẹ gbé bọ̀, inú agolo ló wà, kì í dà.