Corolla, Muscle, Evil Spirit, Sonata: èyí tó yẹ kí ẹ fowó rà, àti èyí tó yẹ kí ẹ yẹra fún

Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ta tòkúnbọ̀ rí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Toyota ni, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó. Camry méjì lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n jọra bí ìbejì, síbẹ̀ kí ọ̀kan máa jẹ ọ́ìlì lóṣooṣù, kí ìkejì má sì nílò ju sáfíìsì lásán lọ. Ẹ́ńjìnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló yà wọ́n, ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò ló sì ń sọ irú ẹ́ńjìnì tó jẹ́. Ọdún àti ẹ́ńjìnì ni mo fi wọn àwọn mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, àwọn tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà láti 2007 sí nǹkan bí 2016.

Kí n tètè sọ èrò mi: ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun pé, Corolla 2009 sí 2013 ni kó rà. Ẹ́ńjìnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 2ZR-FE ló wà nínú rẹ̀. Ṣéènì ló ń yí fáfù rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, torí náà kò sí bẹ́líìtì tó lè já sínú ẹ́ńjìnì lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Lítà 4.2 ọ́ìlì ló ń gbà pẹ̀lú fílítà, 0W-20 tàbí 5W-20. Fílítà rẹ̀ kì í ṣe onígbá tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Bébà lásán ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni 04152-YZZA6, rọ́bà róbótó kan sì máa ń bá a wá nínú páálí. Ẹ rí i dájú pé mẹkáníìkì pààrọ̀ rọ́bà yẹn. Tí ó bá dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀, ọ́ìlì yóò máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn yóò sì sọ fún yín pé ẹ́ńjìnì ló ń jo. Gíà rẹ̀ jẹ́ ọlọ́nà mẹ́rin péré. Ó ti pẹ́ lóde lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń fara da súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Èkó dáadáa. Wọ́tà pọ́ǹpù ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀, tí ẹ bá rí ipa omi pupa tó ti gbẹ, ẹ yọ owó pọ́ǹpù kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Corolla 2008 ti Amẹ́ríkà kò sí nínú ohun tí mò ń yìn yìí, ara àtijọ́ ló ṣì wà. Bákan náà ni èyí tí wọ́n kọ XRS sí lẹ́yìn ní 2009 àti 2010. Ẹ́ńjìnì 2.4 ló wà nínú XRS, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà Camry ti bẹ̀rẹ̀.

Camry tí gbogbo wa ń pè ní Muscle jáde láti 2007 sí 2011. Ti 2007 sí 2009 tó jẹ́ ọlọ́nà mẹ́rin písítìnì, 2.4 ni, 2AZ-FE lorúkọ ẹ́ńjìnì náà. Àwọn ihò kéékèèké tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀ lára písítìnì rẹ̀ kéré jù. Èédú máa ń dí wọn, ríìngì ọ́ìlì á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó wà, ọ́ìlì á sì máa gòkè lọ jóná pẹ̀lú epo. Toyota fúnra rẹ̀ gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì fi kún àkókò wáráńtì àwọn mọ́tò yìí ní Amẹ́ríkà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi dá a mọ̀ níbẹ̀ ni pé kí ó jẹ ju nǹkan bí lítà kan ọ́ìlì lọ nínú máìlì 1,200, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 1,900. Ewu ibẹ̀ ni pé èéfín kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹni tí kì í fa géèjì wò títí oṣù mẹ́ta yóò pé kò ní mọ nǹkan kan títí ẹ́ńjìnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbà-gbà-gbà.

Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà tọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò tọ̀nà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n da ọ́ìlì tó ki, 20W-50, sí i. Ìyẹn lè dín jíjẹ ọ́ìlì kù fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò ní ṣí ihò tó ti dí, ọ́ìlì tó ki kì í sì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnì láàárọ̀. Èkejì ni kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnì 2AZ mìíràn ní Ládípọ̀ kí wọ́n gbé e sí i. Àìsàn kan náà lẹ fowó rà yẹn, àfi tí ẹ bá ṣe oríire. Písítìnì àti ríìngì tuntun tí wọ́n ti tún ihò rẹ̀ ṣe ni ìwòsàn tòótọ́, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ wá Muscle 2010 tàbí 2011. Ara kan náà ni, ìjókòó kan náà, ṣùgbọ́n 2.5 ló wà nínú rẹ̀, 2AR-FE, pẹ̀lú gíà ọlọ́nà mẹ́fà. Ẹ má fi iná ẹ̀yìn tàbí ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ 2.4 tàbí 2.5 síbẹ̀.

Honda Accord 2008 sí 2012, Evil Spirit, ló dùn ún wà jù nínú gbogbo wọn, ó sì gbòòrò nínú. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ọlọ́nà mẹ́rin písítìnì ni kí ẹ rà. V6 rẹ̀, ìyẹn ọlọ́nà mẹ́fà písítìnì, máa ń pa písítìnì méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí mọ́tò bá ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, ètò yìí ló sì ń mú kí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kún fún ọ́ìlì. Ọlọ́nà mẹ́rin náà ní àmì tirẹ̀: ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, kí ẹ sì fúnra yín ṣí i. Tí ó bá dún kàrà-kàrà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta kí ó tó dákẹ́, VTC rẹ̀, ohun tó ń yí àkókò tí fáfù ń ṣí padà, ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbóná ẹ́ńjìnì sílẹ̀ de yín ń fi ohun kan pamọ́. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Bíréèkì ẹ̀yìn ti 2008 sí 2010 náà tètè máa ń jẹ páàdì.

Gíà Honda ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń pa. Ọ́ìlì gíà tirẹ̀ ni DW-1. Tí wọ́n bá da Dexron, ọ́ìlì gíà mìíràn tó wà nílẹ̀, sí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já wọlé gìrì. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí lítà 2.5 péré ló ń jáde, ìyókù ṣì wà nínú. Torí náà ẹ tú u, ẹ rọ tuntun, ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ tipátipá.

Hyundai Sonata 2011 sí 2014 rẹwà, owó rẹ̀ sì sábà máa ń rọ̀ ju ti Camry lọ. Ìdí kan wà fún un. Nínú ẹ́ńjìnì 2.4 tí wọ́n ń pè ní Theta II, àfọ́kù irin tó ṣẹ́ kù láti iléeṣẹ́ máa ń dí ọ̀nà ọ́ìlì, béárìn á sì jẹ. Wọ́n pe ti 2011 àti 2012 padà ní Amẹ́ríkà ní 2015, wọ́n sì fi ti 2013 àti 2014 kún un ní 2017, pẹ̀lú Kia Optima àti Sorento. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì náà níbẹ̀. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fọwọ́ kàn án. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń lo kọ́kọ́rọ́ irin lásán kò sì ní ètò tó ń dènà olè nínú ẹ́ńjìnì, ẹ fi tirẹ̀ sí i.

Nissan Altima 2013 sí 2016: gíà CVT ló ní, èyí tí kò ní ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà bíi ti àwọn yòókù. Ooru àti súnkẹẹrẹ kò bá a lára mu. Ẹ fi sílẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ nọ́ńbà VIN rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà, ẹyọ 17 ni, lójú gíláàsì iwájú àti lára ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí bóyá báàgì afẹ́fẹ́ Takata tí wọ́n pè padà ṣì wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kéré èyí. Báàgì yẹn lè bẹ́, kí ó fọ́n irin lu ẹni tó ń wa mọ́tò. Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú: láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Mọ́tò tó bá gba ọ̀nà Kùtọnu wọlé lójú títì lè di ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù yóò gbà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó tán.

Ní ti owó yíyá, orí èlé ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5% ní oṣù kọkànlá 2024, kò yani lẹ́nu nígbà náà bí báńkì bá sọ 30%. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Mọ́tò ₦8,000,000, ẹ san ₦2,000,000, ẹ yá ₦6,000,000 fún oṣù 36 ní 30% lọ́dún. Tí èlé bá ń dín kù bí gbèsè ṣe ń dín kù, nǹkan bí ₦254,700 lẹ ó máa san lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦9.17 mílíọ̀nù. Tí ó bá jẹ́ pé orí gbogbo owó tí ẹ kọ́kọ́ yá ni wọ́n ti ń gba 30% yẹn lọ́dọọdún, tí wọn kò ka èyí tí ẹ ti san padà sí, nǹkan bí ₦316,700 ni lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦11.4 mílíọ̀nù. Ìdá 30 kan náà ni wọ́n pè é lẹ́nu, ó sì fi ohun tó ju ₦2.2 mílíọ̀nù ya ara wọn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé ìsanwó oṣù 36 náà jáde. Ìlà èlé gbọ́dọ̀ máa kéré sí i lóṣooṣù. Ẹ tún fi ìbánigbófò kún ìṣirò yín, torí ẹni tó yá yín lówó yóò béèrè fún èyí tó bo gbogbo nǹkan, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 5% iye mọ́tò. ₦400,000 nìyẹn lọ́dún àkọ́kọ́.

Tí ó bá kan ibi àtúnṣe, pátì Corolla wà ní gbogbo ìlú, títí dé àwọn ìlú kékeré. Ti Honda wà ní Ládípọ̀ àti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ojúlówó máa ń wọ́n. Ti Hyundai máa ń pẹ́ kí ó tó dé tí ẹ bá ti kúrò ní Èkó. Iléeṣẹ́ dílà ń gba owó iṣẹ́ ju mẹkáníìkì abẹ́ igi lọ, mo sì gbà pé ó tọ́ kí ẹ san án fún iṣẹ́ méjì: yíyẹ ẹ́ńjìnì àti gíà wò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó rà, àti iṣẹ́ báàgì afẹ́fẹ́. Fún sáfíìsì lásán, mẹkáníìkì tó ń ka nọ́ńbà ara páálí ọ́ìlì tó. Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ gba ìwé tó to iye pátì àti iye iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, kí ẹ sì ní kí wọ́n kó ògbólógbòó pátì tí wọ́n yọ sínú búùtù fún yín.