Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ọ̀bẹ Túárégì ní orúkọ "Hoggar"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra ọ̀bẹ àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ o. Oníṣòwò kan gba owó gọbọi lọ́wọ́ mi lórí telek, ọ̀bẹ tí àwọn ọkùnrin Túárégì, ìyẹn ẹ̀yà kan ní aṣálẹ̀ Sàhárà, máa ń so mọ́ apá òsì. Ó ní àwọn Túárégì tí wọ́n ń pè ní Kel Ahaggar, tó wà ní òkè Hoggar ní Àlgéríà ló ni ín. Ó ní ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ó ní fàdákà ni wọ́n fi bo èèkù rẹ̀. Irọ́ ni! Irọ́ ni látòkè délẹ̀!

Ohun tó pè ní fàdákà, alumíníọ̀mù ni. Ó fúyẹ́, ó sì ń funfun bí ìkòkò tuntun. Níbo ni alágbẹ̀dẹ aṣálẹ̀ ti máa rí alumíníọ̀mù ní ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn? Owó fàdákà Maria Theresa tí wọ́n kọ 1780 sí lára wà lára ohun tí àwọn inadan, ìyẹn àwọn alágbẹ̀dẹ Túárégì, máa ń yọ́ nígbà náà tí wọ́n bá fẹ́ fàdákà. Irin ọ̀bẹ náà ńkọ́? Páànù lásán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ̀. Ojúlówó telek máa ń mú lójú méjèèjì, irin rẹ̀ máa ń le, kódà èyí tí wọ́n fi súpíríìnì mọ́tò rọ kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gúlù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèkù. Tẹ́ ẹ bá mì ín, ẹ óò gbọ́ ọ tó ń ró. Ìpáàrà ara rẹ̀ pupa, ó sì dọ́gba láti orí dé ìdí, nítorí pé ọtí kíkan àti iyọ̀ ni wọ́n fi pa á. Ìpáàrà ọjọ́ pípẹ́ máa ń dúdú, ojú kan lójú kan ló sì máa ń wà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni òrùka awọ tó wà lẹ́yìn àkọ̀. Inú òrùka yẹn ni wọ́n ń ki apá bọ̀, kí èèkù kọjú sí àtẹ́lẹwọ́, kí ọwọ́ ọ̀tún lè fà á yọ. Eléyìí ò gba ọwọ́ ọmọdé. Èyí tí wọ́n ti so sápá rí, inú òrùka rẹ̀ á ti dán, á ti dúdú. Aró pupa ṣì ń yọ lára tèmi. Mo béèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀." Mo tún béèrè, ó dí nọ́ńbà mi pa. Olè!

Ó yẹ kí n ti béèrè fọ́tò ẹ̀yìn kí n tó sanwó, mo gbà. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ojú mi ló fọ́. Iwájú nìkan ló yà, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀yìn pamọ́ ni.

Orúkọ "Hoggar" yìí gan-an ni wọ́n fi ń lu jìbìtì. Túárégì wà ní Àlgéríà, Líbyà, Málì, Nìjẹ̀r àti Bùrkínà Fasò, àwọn inadan ò sì jókòó sójú kan. Ọ̀dá 1973 sí 1974 àti ti 1984 lé ọ̀pọ̀ wọn wọ ìlú. Nígbà tí ogun 2007 sí 2009 lé àwọn arìnrìn-àjò kúrò ní ìlú Agadez ní Nìjẹ̀r, ọjà wọn bọ́, àwọn kan kó iṣẹ́ wọn lọ sí Niamey, olú ìlú Nìjẹ̀r. Alágbẹ̀dẹ Agadez lè rọ èyí tó jọ ti Tamanrasset, ìlú Hoggar ní Àlgéríà, tí oníbàárà bá ti fẹ́ ẹ. Ṣé èèkù nìkan ni ẹnì kan á wá wò nínú fọ́tò, tó máa fi búra pé Hoggar ni? Ẹni tó kó o, ibi tó ti kó o àti ọdún tó kó o, ìyẹn ni ẹ̀rí. Bí kò bá sí, telek lásán ni, kí owó rẹ̀ yáa wálẹ̀.

Àwọn kan tiẹ̀ ń kó wuƙar damtse, ọ̀bẹ apá àwọn Hausa, wọ́n ń pè é ní telek. Ó dára láyè ara rẹ̀, àmọ́ èèkù telek ní ìdábùú tí ìka máa ń há mọ́. Ti Hausa sábà máa ń lọ gbọọrọ. Bákan náà ni àmì ààbọ̀ òṣùpá ara takouba, idà àwọn Túárégì, tí wọ́n ń sọ pé ó fi hàn pé Yúróòpù ni irin rẹ̀ ti wá láyé àtijọ́: àwọn alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ ti ń da àmì yẹn kọ tipẹ́.

Ẹ má bínú sí inadan o. Ẹni tó rọ telek tuntun tó sì tà á ní tuntun kò ṣẹ̀ yín. Àwọn alárinà tó ń yí orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ padà ni mo ń bá wí, ní báyìí mi ò sì gba ìkankan nínú wọn gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù aláràbarà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó: fọ́tò ẹ̀yìn àkọ̀, inú òrùka awọ, irin lójú méjèèjì, ibi tí irin ti wọnú èèkù. Ẹ béèrè bó ṣe wúwo tó. Ẹ wo ti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Quai Branly ní Párí­ìsì àti British Museum, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti kó o sí, kẹ́ ẹ fi wéra. Bó bá ní àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó kóun tó ya ẹ̀yìn ọ̀bẹ fún yín, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i.