Ọkọ̀ tí a yá fún ìrìn-àjò ìgbà òtútù ní Nàmíbíà

Ní oṣù Keje, nígbà tí òtútù máa ń mú jù ní ìhà gúúsù Áfíríkà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yá ọkọ̀ Toyota Hilux kan ní Windhoek, olú-ìlú Nàmíbíà, fún ọjọ́ 9. Wọ́n ti de àgọ́ mọ́ òrùlé rẹ̀ kí ẹni tí ó yá a lè máa sùn síbẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀ ní ìlú náà, ìlànà wọn sì fara jọra. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn bèèrè kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀.

Ọkùnrin tí ó fi ọkọ̀ lé wa lọ́wọ́ lo wákàtí kan gbáko lórí ọ̀rọ̀ táyà nìkan. Ó fún wa ní táyà àfikún 2, gééjì, àti ẹ̀rọ kékeré tí a lè fi fún táyà ní afẹ́fẹ́. Ó ní bí a bá ti kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, kí a dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀, bí a bá sì dé inú iyanrìn, kí a tún dín in kù sí i. Òfin ìlú náà gbà kí ènìyàn sá 100 km ní wákàtí kan lórí òkúta wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n 80 ni ìwé àdéhùn wọn fàyè gbà, ẹ̀rọ kan sì wà nínú ọkọ̀ tí ń ké bí a bá ti kọjá rẹ̀. Igbe náà kọ́kọ́ bí mi nínú, àfi ìgbà tí a rí ọkọ̀ kan tí ó ti dojú dé létí ọ̀nà C14. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe ní Nàìjíríà kí ó tó di ọdún 1972. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n wakọ̀ jù.

Òtútù ni wọn kò múra wa sílẹ̀ fún. Windhoek fi nǹkan bíi mítà 1,650 ga ju ojú òkun lọ. Ní ọ̀sán, oòrùn ń ràn, afẹ́fẹ́ sì gbẹ bíi ti ọyẹ́, débi pé ènìyàn á rò pé òun mọ irú ojú ọjọ́ yìí láti ilé. Ṣùgbọ́n kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run tí yóò dá ooru ilẹ̀ dúró. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ooru a bá a lọ. Ní Sesriem, níbi tí a sùn kí a lè tètè dé Sossusvlei láàárín àwọn òkìtì iyanrìn ńlá inú aṣálẹ̀, omi tí a gbàgbé sórí tábìlì ti dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kúbùsù tí wọ́n fún wa fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ìborùn àti ìró wọn lé e. Láti ọdún 2017 ni Nàmíbíà ti dẹ́kun fífa aago sẹ́yìn ní ìgbà òtútù, nítorí náà oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo méje ààbọ̀ ní oṣù Keje; ìwé atọ́nà tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ ṣì ń lo aago àtijọ́, òun ni ó sì jẹ́ kí a jí ní wákàtí kan ṣáájú, tí a jókòó sínú òkùnkùn tí a ń gbọ̀n.

Etí òkun gan-an ni ọ̀ràn wà. Omi òkun tí wọ́n ń pè ní Benguela, tí ń ṣàn bọ̀ láti gúúsù, tutù; afẹ́fẹ́ tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá a tutù pẹ̀lú, a di kùrukùru, a sì wọ inú aṣálẹ̀ Namib lọ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà láìrọ òjò. Kòkòrò kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ń dorí kodò lórí òkìtì iyanrìn kí omi kùrukùru lè ṣàn wá sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí a ń ti Walvis Bay bọ̀ sí Swakopmund, ọ̀nà tí kò ju bíi 35 km lọ, òkun wà lọ́wọ́ òsì wa, òkìtì iyanrìn sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, a kò sì rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn iná tí a fi ń la kùrukùru kò tàn. Ilé-iṣẹ́ tí a ti yá ọkọ̀ gbé fóònù kíá nígbà tí a pè wọ́n, wọ́n sì rán wa sí mẹkáníìkì kan ní Swakopmund, tí ó pààrọ̀ gílóòbù náà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀, iná yẹn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún ẹni tí ń lọ sí etí òkun ní àkókò yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ gíga ìhà ìlà-oòrùn, ó ń gbóná sí i bí ó ti ń sọ̀, ó gbá kùrukùru padà sójú òkun, ó sì ń da iyanrìn gba ojú títì. Ìgbà òtútù ni afẹ́fẹ́ yìí máa ń jà jù, kò sì ṣàjèjì sí àwọn ará ibẹ̀, nítorí náà a kò rí ọkọ̀ púpọ̀ níta. Àwa wakọ̀ wọnú rẹ̀. Nígbà tí a dá ọkọ̀ padà, wọ́n fi hàn wá pé iyanrìn ti ha gíláàsì iwájú àti iná ńlá méjèèjì, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ nínú owó tí a fi ṣe ìdógò, nítorí pé owó adójútòfò tí a san kò kan ìbàjẹ́ iyanrìn. Owó àfikún ni ti ààbò iyanrìn, à bá sì ti san án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lóòótọ́ ni ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, ní ojú ewé kẹrin, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Ọkùnrin tí ó fi wákàtí kan sọ ọ̀rọ̀ táyà kò fi ìṣẹ́jú kan dárúkọ rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọkọ̀ náà kò dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan, kódà nínú iyanrìn 5 km tí ó gbẹ̀yìn kí a tó dé Sossusvlei, níbi tí a ti bá àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń fi ọwọ́ wa iyanrìn kúrò lábẹ́ táyà. Bí mo bá tún lọ, ọ̀dọ̀ wọn náà ni n ó ti yá ọkọ̀, n ó san owó ààbò iyanrìn, n ó sì gbé kúbùsù tèmi láti ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí àwọn bá máa bá mi lọ, inú yàrá ni àwọn yóò sùn.